Ọwọ́ Tí Kò Ní Gírísì

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi níṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni èmi Christopher ti ń tún mọ́tò ṣe ní Natako, ní Lokoja. Nítorí náà, nígbà tí Ẹniọlá ọmọ mi mú obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ní obìnrin náà ni yóò yan họ́ọ̀sì fún ọkọ̀ òun, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ ẹ̀wà tó wà níwájú mi mọ́.

Ẹniọlá fẹ́ wakọ̀ níbi ìdíje eré ọkọ̀ lẹ́yìn Karaworo ní Sátidé. Ó ti ra sìlíńdà náítírọ́ọ̀sì, gáàsì tí wọ́n ń tú sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè sáré kọjá agbára rẹ̀. Ohun tó kù ni họ́ọ̀sì tí yóò gbé gáàsì náà láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, àti àwọn ìdè onírin tí yóò so ó lẹ́nu. Mo ti gbé họ́ọ̀sì gáàsì ìdáná sílẹ̀ fún un. Tuntun ni o!

"Òkun o, ọ̀gá," obìnrin náà kí mi. Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Oworo láti Agbaja. Òun ló ń ṣe họ́ọ̀sì katapílà fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Mo na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Ó wo gírísì tó wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Iṣẹ́ òní ò fẹ́ epo rárá."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí!

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó fẹ́ kírun. Lẹ́yìn náà ló mú họ́ọ̀sì mi. "Ọ̀gá, mélòó lẹ máa ń fẹ́ sínú táyà?"

"Ọgbọ̀n."

"Ti inú sìlíńdà yìí lè lé ní ẹgbẹ̀rún." Ó ju họ́ọ̀sì mi sílẹ̀. Ó wo họ́ọ̀sì bẹntiróòlù, ó jù ú nù. Ó wo ìdè àwọn púlọ́ńbà tí mo fi pamọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú nù.

Ó wá fa ọ̀kan yọ nínú báàgì rẹ̀, kò ju ọmọńdinrín mi lọ. Wáyà tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi hun ẹ̀yìn rẹ̀ bí irun dídì, inú rẹ̀ funfun, ó sì ń yọ̀. "Òtútù gáàsì yìí á mú kí rọ́bà lásán gan, á sì là," ó ní. Ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sí mi létí: agbára tó lè gbà tó ìlọ́po mẹ́ta ti sìlíńdà. Ó ń fi ìka nìkan yí ìdè kọ̀ọ̀kan wọlé kó tó mú sípánà. "Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n bára wọn mu. Tó bá ń jà, ẹ má fipá mú un." Kò fi téèpù sí i, kò fi epo sí i. Mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìran, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀.

Àmọ́ gbígbẹ yẹn ń jẹ mí lára. Ta ló ń so irin ní gbígbẹ? Nígbà tó lọ kírun Àílà, tí Ẹniọlá lọ ra omi, mo tú ìdè ẹnu sìlíńdà, mo fi gírísì bíńtín sí i, kò tó hóró ẹ̀wà kan, mo sì so ó padà. Ìfẹ́ ọmọ mi ni mo fi ṣe é.

Wọ́n dé. Mọ̀ríámọ̀ ní, "Ẹni tó bá so ó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i. Òfin mi nìyẹn."

"Àǹtí, èmi ni mo máa wà á," Ẹniọlá wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i." Ó ti gbé ọwọ́ lé orí sìlíńdà.

Mo fẹ́ fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Mọ̀ríámọ̀, kí ni gírísì ṣe fún ẹ gan-an?"

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Láti ìgúnpá dé èjìká, ara náà ti jóná, ó hunjọ. "Òjó, ọ̀gá tó kọ́ mi ní wẹ́dà, ló fi gírísì sí ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn. Ìwà kan náà ni ọ́síjìn àti gáàsì yìí ń hù. Wọn kì í jó fúnra wọn, àmọ́ tí wọ́n bá fi ipá pàdé epo, iná lẹ máa rí. Àpá tèmi rèé. Òjó ò dìde mọ́."

Ìka Ẹniọlá ti ń yí i.

"Má ṣí i!" Mo kígbe. "Ẹniọlá, má ṣí i! Mo ti fi gírísì sí i!"

Ẹniọlá yára mú ọwọ́ kúrò lórí sìlíńdà. Mọ̀ríámọ̀ ò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó tú ìdè náà, ó fi aṣọ funfun nù ún, aṣọ náà sì dúdú. Ó ju ìdè àti họ́ọ̀sì sórí ààtàn. Ó fọ ẹnu sìlíńdà náà títí aṣọ fi nù ún láìdọ̀tí, ó sì mú họ́ọ̀sì àti ìdè mìíràn jáde.

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ máa so ó."

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyanrìn fọ̀ ọ́, mo fi ìgbálẹ̀ ha abẹ́ èékánná. Omi náà ń dúdú títí ó fi mọ́. Mo so ó ní gbígbẹ. Mọ̀ríámọ̀ mú Ẹniọlá lọ sẹ́yìn ògiri, ó sì yíjú sí mi. Mo mọ òfin náà. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo ṣí i.

Họ́ọ̀sì náà ò mira. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún, nínú ohun tí kò ju ọmọńdinrín mi lọ! A da omi ọṣẹ sí i, kò hó níbì kankan. Mọ̀ríámọ̀ ní kí n tú díẹ̀ jáde lẹ́nu ibi tí gáàsì ń gbà yọ. Èéfín funfun fò sókè, yìnyín sì bo irin ẹnu rẹ̀. Yìnyín o! Ní Lokoja, nínú oṣù Kẹta, lábẹ́ oòrùn tó ń yan èèyàn lórí! Mo la ẹnu sílẹ̀, mi ò lè pa á dé.

Ẹniọlá jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Mo ń retí èébú, ó tọ́ sí mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó yí i sí ẹ̀yìn, ó yí i sí iwájú, ó ń wò ó.

"Bàbá mi," ó ní, "ṣé bí ọwọ́ yín ṣe rí nìyí? Mi ò rí i rí láti ìgbà tí ẹ ti bí mi."

Níwájú obìnrin yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù ara mi, mo sunkún.