Iná Mẹ́ta Tí Kò Jẹ́ Mi Lóhùn

Lánàá, Bọ́lá ọmọ mi kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún pe òun lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, òun kò ní gbé fóònù mi mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn ní ìlú mẹ́ta. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Mo lá àlá pé èmi àti òun dúró níwájú tábìlì tí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì, ohun tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, kún orí rẹ̀.

“Màámi, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni ló lè tú inú wọn wò, kó tún wọn ṣe. Ẹ mú èyí tó wù yín.”

Mo yẹ mẹ́rin wò kí n tó mú èyí tó ní iná mẹ́ta, ọ̀kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan: Ìbàdàn, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, ibi tí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Mo pe orúkọ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Ó ń ṣiṣẹ́ o, Màámi.”

“Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? Ṣé wọ́n ti jẹun?”

Mo yíjú, Bọ́lá kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n iná Ìbàdàn, ìlú tó ń gbé, ṣì ń tàn.

Mo jí ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ilé dákẹ́. Mi ò pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìyá yín láàárọ̀ yìí.