Kí Là Ń Kí Ẹni Tó Togun Dé?

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Láti àárọ̀ tí ìròyìn ti dé Muṣin pé ọkọ̀ àwọn sójà yóò gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá lọ sí bárékè, Àríkẹ́ kò lè jókòó mọ́. Obìnrin tó mọ ọjà tà yìí, òun náà ló wá ń ta òwú funfun fún ẹni tó bèèrè dúdú! Ẹ ò rí nǹkan? Ọlábọ̀dé, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú ọmọ náà o. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ forúkọ sílẹ̀. Ó ní bí gbogbo ọmọ bá jókòó ti ìyá wọn, ta ni yóò wá lọ?

Ọkọ̀ kò ní dúró, wọ́n sì lè tún kó wọn lọ síbòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbólóhùn kan péré ni Àríkẹ́ yóò rí sọ. Kí ni kó sọ?

"Ẹ kí i pé kú ewu," Sìdíkàt onídìrí, aládùúgbò rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Kú ewu kẹ̀? Ṣé ó bímọ ni?"

"Ẹ yáa kí i kú àbọ̀."

"Ìyẹn ni mò ń kí i tó bá ra iyọ̀ dé. Ṣé iyọ̀ ló lọ rà?"

"Kú iṣẹ́ ńkọ́?"

"Sìdíkàt! Ẹni tó ń gbálẹ̀ là ń kí bẹ́ẹ̀! Ìgbà wo lo máa gbọ́n?"

Sìdíkàt bú sẹ́rìn-ín. Àríkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gidi. Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí rí.

Ojú Ẹlẹ́gbà ti kún fọ́fọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn kọndọ́ ti gbàgbé èrò inú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń pariwo. Ọlọ́sàn kan ń ju ọsàn sókè sí àwọn sójà, kò tiẹ̀ bèèrè kọ́bọ̀. Inú gbogbo èèyàn ń dùn ṣìnkìn. Àríkẹ́ tú gèlè, ó fi di ìdí, ó tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dé iwájú.

Ọkọ̀ kan kọjá. Òmíràn tún kọjá.

"Òun nìyẹn!" Sìdíkàt figbe ta. "Ẹ wẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, Ìyá!"

Ọlábọ̀dé ni lóòótọ́. Ó ti gbẹ, èjìká rẹ̀ sì ti fẹ̀. Ọkọ̀ dẹwọ́ eré níwájú wọn. Àríkẹ́ la ẹnu, kú ewu ò jáde, kú àbọ̀ ò jáde. Ló bá kúnlẹ̀ gbì lórí títì ọlọ́dà.

"Ọlábọ̀dé! Ẹ ṣé, sà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà!"

Ọmọ yìí bojú wẹ̀yìn, ó ń wá àgbàlagbà tí wọ́n ń kí. Ìyá tó fọ ìdí fún un, tó fa etí rẹ̀ títí etí pọ́n, ìgbà wo ló pè é ní "ẹ" rí? Ó rò pé ogun ti yí ojú òun padà.

"Ìyá Àgbà! Èmi ni o! Bọ́dé ni! Ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Ọkọ̀ ti ń lọ. Àríkẹ́ fò dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ fún Sìdíkàt.

"Mo mọ̀ yín! Mo mọ̀ yín dáadáa, Bọ́dé! Ẹ̀yin gan-an ni mò ń kí!"

Ìgbà náà ló tó yé Bọ́dé. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀, láàárín bàtà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀.