Ẹrù Kì í Bọ́ Lórí Alábàárù

"Daddy, drop am!"

Irin náà wà lókè orí Ọládélé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí pákó tó dúró lé. Ó ti gbé e dókè. Ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Ohun tí Ṣèyíọlá ọmọbìnrin rẹ̀ ń pariwo pé kó ṣe ni kó ṣí ọwọ́, kó sún kúrò, kí irin náà ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọládélé gbọ́ ọ ketekete. Síbẹ̀, dípò kó ṣí ọwọ́, ńṣe ló rọra ká ìgbọ̀nwọ́, ó gba irin náà sí àyà, ó tún gbà á sí itan, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní, ó sì gbé e kalẹ̀ láìjẹ́ kó dún. Ó nàró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wá wo ojú Ṣèyíọlá bóyá yóò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Kò rí nǹkan kan. Ṣèyíọlá bẹ̀rẹ̀, ó yọ àwọn àwo rọ́bà wíwúwo tó wà létí irin náà, ó kó wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ló mú igi ìgbálẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, ó nà án sí bàbá rẹ̀.

Ẹ gbà mí o. Àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ní ilé, tó ní ìyàwó, tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún dá a padà sórí igi ìgbálẹ̀.

"Daddy, if you no fit throw am down today, we don finish," Ṣèyíọlá sọ. "I no go stand here dey look make iron kill my papa."

Kò pariwo sọ ọ́. Bó bá pariwo ni, Ọládélé ì bá mọ bí òun ṣe máa dá a lóhùn. Ó gba igi náà.

Ṣèyíọlá yìí ni kóòṣì gbọ̀ngàn ìgbérin tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan ní Ekenwan Road, níbi tí orin àwọn sójà tó ń sáré láàárọ̀ ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ìlú Bìní ni wọ́n bí i sí, Bìní ló dàgbà sí. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí bàbá rẹ̀ bá sọ, títí kan èébú, àmọ́ píjìn ló fi ń dáhùn. Ọládélé ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú u. Bó bá ti lè gbọ́, ó ti tó.

Àìsàn ló gbé Ọládélé dé ibi irin. Lọ́dún tó kọjá ló dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ náà sì pẹ́. Nígbà tó máa fi dìde, itan rẹ̀ ti rù, ó ti kéré bí apá. Táyà àlòkù ló ń tà ní Aduwawa, lẹ́bàá ọ̀nà Auchi. Kí àìsàn tó dé, kò sí táyà tírélà tí kì í dá yí, tí kì í dá gbé nàró. Ó wá di ẹni tí kò lè dìde lórí àpótí láìdi nǹkan mú. Bí oníbàárà bá dé, ìka ló fi ń júwe táyà, oníbàárà á sì lọ gbé e fúnra rẹ̀. Làwọn mẹkáníìkì bá sọ ọ́ ní Bàbá Nàka-sí-i. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ó mọ̀, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè jẹun.

Ṣèyíọlá ló ní ìrìn nìkan kò lè dá ẹran ara padà. Ó ní kó wá kọ́ ìgbérin bí àwọn tó ń lọ ìdíje ṣe ń kọ́ ọ, èyí tí èèyàn á fa irin láti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí á sì ti lóṣòó wọ abẹ́ rẹ̀ kí irin náà tó ronú àtipadà sílẹ̀. Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ekiosa, káwọ́ lórí nígbà tó gbọ́. Ó béèrè bóyá ogun ni Bàbá Ṣèyí ń múra láti lọ jà. Ọládélé fúnra rẹ̀ rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa gbé irin ńlá fún òun. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbé fún un. Ó lóṣòó títí, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ohun tó kọ́kọ́ ṣòro fún un láti gbà ni pé irin kì í gòkè títí kó tó dé ibi tí èèyàn ń fẹ́. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lọ bá a.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò pa ọjọ́ jẹ. Bí òjò rọ̀, á wọ bàtà òjò wá. Nígbà tó yá, igi di irin lásán, irin lásán gba àwo kékeré, àwo kékeré di ńlá. Lọ́jọ́ kan tí sòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì fún un lẹ́sẹ̀, Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ itan rẹ̀ wò, ó ní, "Hùn-ún." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tún béèrè ọ̀rọ̀ ogun mọ́.

Ọ̀rọ̀ jíju irin sílẹ̀ ló kù tí kò wọlé. Kì í ṣe agídí. Kí Ọládélé tó wá sí Bìní, alábàárù ni ní gáréèjì kan ní Òṣogbo. Gbóyèga, ọ̀gá wọn níbẹ̀, òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹrù kì í bọ́ lórí alábàárù. Wọ́n á gbé e rù ọ́, wọ́n á sì sọ̀ ọ́. Bó bá wúwo jù, ké sí ẹni tó máa wá sọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, dúró. Bí o ò bá lè dúró mọ́, kí ìwọ àti ẹrù jọ ṣubú, kí ara tìẹ kọ́kọ́ balẹ̀. Orí kì í tóbi kí olórí má leè gbé e, Gbóyèga á tún fi ìyẹn kún un. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, Ọládélé yọ̀ ṣubú sínú gọ́tà pẹ̀lú páálí abọ́ tánganran lórí. Orúnkún rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, abọ́ kan kò fọ́. Ìyá tó ni ẹrù ṣàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìtàn yìí ni Ṣèyíọlá fi mu ọmú dàgbà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kó ju ohun tó ti gbé sókè sílẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ní kó tutọ́ sínú oúnjẹ. Ọkàn rẹ̀ gbà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Láìpẹ́ yìí ni irin ré kọjá sẹ́yìn orí rẹ̀, tó kọ̀ tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin fà á, ó jókòó gbàà, èjìká ń ro ó fún ọjọ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ náà, Ṣèyíọlá jáde lọ sí ìta, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọládélé rò pé ẹfun tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ ló wọ̀ ọ́ lójú.

Báyìí tó tún di igi ìgbálẹ̀ mú, àwọn tó ń gbé omi wá dé ẹnu géètì, Ṣèyíọlá sì jáde lọ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ku Ọládélé àti Osaro, sójà kan tó máa ń wá gbérin kó tó lọ síṣẹ́. Osaro fa irin tirẹ̀, ó gbé e dókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ mì. Ọládélé fajú ro, ó bi í bóyá àánú irin yẹn kì í ṣe é ni. Osaro rẹ́rìn-ín, ó ní Ṣèyíọlá ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

"Baba, this weight wey I carry so, na im Coach dey take warm body before."

Ọládélé ní láti ìgbà tí òun ti ń bọ̀ níbí, òun kò rí Ṣèyíọlá kó gbé nǹkan kan fún ara rẹ̀ rí. Osaro wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọ́n pè é sí kám̀pù àwọn agbérin ìpínlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù gan-an. Kò lọ. Wọ́n tún ti pè é báyìí, kò dá wọn lóhùn.

"She say her papa never strong. Since that time, she no touch iron again."

Ọládélé ti rò pé irin ló sú ọmọ náà. Ká sọ òótọ́, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé ọmọbìnrin òun ti fi ìdíje sílẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ á wá sọ́kàn rẹ̀. Ó rántí àárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà le, tí Ṣèyíọlá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí dé ìdí kẹ̀kẹ́ tó wà lójú títì. Ojú tì í lọ́jọ́ yẹn débi pé ó di ojú rẹ̀ pinpin. Lójú tirẹ̀, ọmọ náà ti sọ̀ òun kalẹ̀ ní ọsibítù. Àṣé ọmọ náà ṣì pọ̀n òun. Gbogbo àárọ̀ yìí, gbogbo igi ìgbálẹ̀ yìí, ó pọ̀n òun ni, kò sì sí ẹni tó máa bá a sọ̀. Ọládélé kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọmọ náà ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an.

Nígbà tí Ṣèyíọlá wọlé, bàbá rẹ̀ ti fi igi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó àwo padà sórí irin, ó sì fi òmíràn kún un.

"Daddy, that one too much."

Ọládélé ní òun mọ̀. Ó mọ̀ lóòótọ́. Ìyẹn ló ṣe fi í síbẹ̀. Bí òun bá gbé èyí tí agbára òun ká, ọwọ́ òun á tún gbé e kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rù á sì máa ba ọmọ náà lọ láti fi òun sílẹ̀. Àfi kó gbé èyí tí kò ní lè gbé.

Ó pa ẹfun sọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di irin mú, ó fa èémí sínú, ó sì fà á. Irin kúrò nílẹ̀, ó kọjá orúnkún, ó kọjá ìbàdí, Ọládélé sì wọ abẹ́ rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jọ pé á dúró. Ni irin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ tún mú un pinpin, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ, gbogbo ara rẹ̀ ń múra láti bá ẹrù ṣubú.

"Bàbá mi, ẹ jù ú sílẹ̀!"

Ó ṣí ọwọ́. Ó bẹ́ síwájú. Irin balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbìì, ó ta sókè, ó tún balẹ̀, ó yí lọ síbi ògiri. Eruku bọ́ láti òkè àjà. Ọládélé yíjú, ó wò ó. Kò sí ohun tó fọ́, kò sẹ́ni tó bú u. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

"Daddy, you do am," Ṣèyíọlá sọ. Ó ti padà sí píjìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Ọládélé gbọ́ Yorùbá tó jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀, kó má lọ sá.

"Ó kàn ọ́," ó sọ fún un.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ṣèyíọlá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

"Mo ní ó kàn ọ́. Wọ́n ń retí rẹ ní kám̀pù."

Ṣèyíọlá yíjú sí Osaro. Osaro ti bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Ló bá bi bàbá rẹ̀ pé bí òun bá lọ, ta ni yóò máa wò ó, ta ni yóò bá a ka àwo, ta ni yóò pariwo bí irin bá ń lọ sẹ́yìn.

"Sọ̀ mí kalẹ̀, Ṣèyí," bàbá rẹ̀ sọ. "O ti pọ̀n mí tó."

Ṣèyíọlá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi apá nu ojú, ó sì lọ mú bẹ́líìtì rẹ̀ tó ti pẹ́ tó gbé e kọ́. Ọládélé kó àwo fún un, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kò sinmi lọ́nà. Ṣèyíọlá dúró síwájú irin. Bàbá rẹ̀ kò tiẹ̀ rí ìgbà tí irin kúrò nílẹ̀. Ó kàn rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ irin, ó lóṣòó kanlẹ̀, ọwọ́ nà. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró. Ó jù ú sílẹ̀, gbogbo ilé mì.

Kò wẹ̀yìn. Ó ti ń pa ẹfun sọ́wọ́, ó fẹ́ tún gbé e. Ọládélé dúró láàárín gbọ̀ngàn, inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pọ̀n ọ́n mọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dúró.