Omi Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Saija

Ilpo ti di orí wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná mú, ó ku kó kì í bọ ojú iná, nígbà tí Marjut bi í léèrè lórí fóònù pé kí ló wà nínú rádíétọ̀.

"Kí ni ìbá tún wà níbẹ̀?" ni Ilpo fèsì. "Omi pupa tí kì í dì ni. Ta ló ń gbé inú otútù Kemijärvi yìí tó ń da nǹkan mìíràn sí i?"

Mẹkáníìkì ni Marjut. Òun àti Saija, ọmọ Ilpo, ni wọ́n jọ fi ọdún mẹ́rin tún ọkọ̀ pupa náà ṣe, tí wọ́n fi tọ́bò ńlá tó ń fi kún agbára rẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé ológbò kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ọ̀gá Dírẹ́bà," ó wí níkẹyìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Orúkọ tó ti ń pè é láti kékeré nìyẹn, nítorí Ilpo ló fi bọ́ọ̀sì gbé òun àti Saija lọ sílé-ìwé títí wọ́n fi jáde. Ilpo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lára ìdérí rádíétọ̀ ni ó ti rí i: bébà funfun tó ń lẹ̀, àti ìkọ̀wé Saija lórí rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá tó tẹ̀ sí apá òsì bí koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́. *Omi lásán ni o. Dà á nù kí otútù tó dé.*

Ó ka ohun tó rí sétí Marjut. Marjut mí kanlẹ̀.

"Oṣù kẹfà ló dà á sí i," ó wí. "Wọn kì í jẹ́ ká gbé omi pupa wọ pápá eré ìje. Tó bá dà sílẹ̀, ilẹ̀ á máa yọ̀, ọkọ̀ á sì máa forí sọ ara wọn. Ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ tóun bá délé. Mo gbàgbé pátápátá. Ṣé ẹ ti tan ẹ́ńjìnnì?"

"N kò tíì tàn án."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àbí ẹ fẹ́ fi wáyà se yìnyín jẹ ni? Mò ń bọ̀."

Ilpo jókòó lórí táyà kan. Ní oṣù keje ni àrùn inú ẹ̀jẹ̀ mú Saija lọ, kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lórí ibùsùn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò wọ ilé ọkọ̀ yìí títí di ọjọ́ Ajé tó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni Ilpo ti ń múra ọkọ̀ sílẹ̀ fún otútù. Ó ti yọ táyà fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ ti ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti fi táyà tóóró onírin ṣóńṣó tó ń di yìnyín mú rọ́pò wọn. Ó ti gbé ọkọ̀ náà sókè ní ìka mẹ́rin kí yìnyín ojú ọ̀nà má baà fa ikùn rẹ̀ ya. Ó ti da òróró ẹ́ńjìnnì tó ki nù, ó fi èyí tó fẹ́lẹ́ sí i, ó sì ti fi aṣọ bo ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Àmọ́ kò wo rádíétọ̀. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó fi wa bọ́ọ̀sì, yìnyín kò dá a dúró sọ́nà lẹ́ẹ̀kan rí, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kó wò ó. Lójú ará ibẹ̀, ta ní ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára èèyàn?

Omi sì ti dì níta ní òru méjì tó tẹ̀ léra. Rédíò ní ti òní yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá ti dì nínú ẹ́ńjìnnì, yóò wú, yóò sì la irin náà bí ẹni la igi. Ilé ìwòsàn ni Saija ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dípẹtà síbẹ̀. Ẹ máa wà á." Ilpo ní òun gbọ́, ó sì ti pinnu pé ọkọ̀ náà ló máa gbé òun lọ sí ibojì rẹ̀ ní Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, nígbà tí gbogbo ìlú bá lọ tan àbẹ́là fún àwọn òkú wọn. Ọ̀la ni ọjọ́ náà.

Sirkka ìyàwó rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Ó ní ọkọ̀ yẹn ló jẹ gbogbo ọjọ́ Àìkú ọmọ òun, abẹ́ irin ni ó wà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá adágún. Òpó iná kan ṣoṣo ló wà lágbàlá wọn, wáyà kan ṣoṣo ló sì ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kí ọkọ̀ tó lè jáde lówùúrọ̀. Sirkka ti sọ ọ́ láàárọ̀ pé ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn méjèèjì máa ń wọ̀ ni kí wọ́n so mọ́ ọn, òun kò ní wọ òmíràn. Kò pè é ní Bàbá nígbà tó ń sọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, Ìyá àti Bàbá ni wọ́n ń pe ara wọn nínú ilé, bí gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sí ẹni tó tún pe ẹnì kejì ní nǹkankan.

Marjut dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì jẹ́ kó fẹ́ títí tí òrùn fi yí. Nígbà tí wọ́n tú ìsàlẹ̀ rádíétọ̀, nǹkankan kò kọ́kọ́ jáde. Ó ń kán, lẹ́yìn náà ó ń ṣàn, ègé yìnyín pẹlẹbẹ kan sì bá a bọ́ sínú báàfù.

Wọ́n da omi pupa sí i. Marjut de pọ́ńpù kékeré mọ́ ẹnu rádíétọ̀, ó fún atẹ́gùn sí i títí abẹ́rẹ́ ojú pọ́ńpù fi gòkè.

"Tó bá dúró, ara rẹ̀ dá," ó wí. "Tó bá ń wálẹ̀, ó ń jò."

Abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀.

Ilpo tẹ́ páálí sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń dun ún ní orúnkún. Ó fi ìka wá ojú ibi tó sán lára irin, kò rí i, ó sì rí ẹ̀kán pupa kan tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ṣàpèjúwe ohun tó ń jò níbẹ̀ fún Marjut: ó rí roboto, ó tó ojú owó ẹyọ, ó sì ti yọrí síta díẹ̀.

Marjut dùbúlẹ̀ tì í láti wò ó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìdérí ihò ara ẹ́ńjìnnì ni, Ọ̀gá Dírẹ́bà. Ìdérí lásán. Yìnyín ló tì í jáde. Òun ló gba ìyà náà dípò ẹ́ńjìnnì. Mo ní irú rẹ̀ nínú àpótí mi."

Ó yọ ti àtijọ́, ó sì fi òòlù gbá tuntun wọlé, ohùn irin ń ró dé inú ilé. Ìró yẹn ni Sirkka máa ń gbọ́ láti ilé ìdáná ní ọdún mẹ́rin gbáko. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọfí lọ́wọ́ rẹ̀ àti búrẹ́dì aládùn nínú aṣọ ìnuwọ́.

Kò wo ọkọ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí ara ìdérí rádíétọ̀ tó wà lórí tábìlì. Ó gbé kọfí kalẹ̀, ó mú ìdérí náà, ó sì mú un sún mọ́ iná.

"Ta ni ọmọ mi kọ èyí sí?" ó bèèrè.

"Ara rẹ̀ ló kọ ọ́ sí," ni Marjut dáhùn. "Ó máa ń gbàgbé nǹkan."

"Láti kékeré ni," ni Sirkka wí. "Mélòó ni ìbọ̀wọ́ tí mo rà fún un ní ọdún àkọ́kọ́ níléèwé?"

"Mọ́kànlá ni mo bá nínú bọ́ọ̀sì," ni Ilpo wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Gbogbo rẹ̀, apá òsì."

Sirkka rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Kò padà sílé. Wọ́n mu kọfí nígbà tí wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n mu ife kejì. Abẹ́rẹ́ kò mira. Nígbà tí Marjut tan ẹ́ńjìnnì, ó kọ́kọ́ wúkọ́, lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì wúwo bí ó ti máa ń rí. Ìdérí náà ti padà sáyè rẹ̀, pẹ̀lú bébà rẹ̀ lára.

Marjut lọ. Ilpo so wáyà mọ́ ọkọ̀ àtijọ́ bí Sirkka ti ní, ó sì lọ wẹ ọwọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná. Lẹ́nu ọ̀nà ni páálí àbẹ́là ọ̀la wà. Nígbà tó gbójú sókè sí fèrèsé, ó rí Sirkka ní ìta pẹ̀lú gèlè irun àgùntàn lórí. Ó tú wáyà kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́, ó ń wọ́ ọ gba orí yìnyín lọ sí ilé ọkọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Lẹ́yìn náà ó dúró níwájú òpó, ó ń yí aago ara òpó náà tó máa tan iná wáyà.

Ó wọlé, ó ń gbọn bàtà.

"Aago méje ni mo fi í sí," ó wí. "Yóò ti gbóná kó tó di mẹ́sàn-án. Àga inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, Bàbá. Màá gbé tìmùtìmù dání."