Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Kú Nílé Nìkan

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo gbé láptọ́ọ̀pù mi láti Ìdímù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti rẹ̀ mí, orúnkún ń ro mí. Susanna tó ń bá wa tún un ṣe tàn án ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, láptọ́ọ̀pù tó kú nílé tún ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Alájì, kò sí nǹkan tó ṣe é o. Kí lẹ máa ń fi í ṣe kó tó kú?"

"Wáàsí ni mò ń gbọ́."

Irọ́ ni jàre. Géèmù bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá. Tí mo bá ti ki wáyà páàdì tí mo fi ń gbá a bọ̀ ọ́ lára báyìí, ó máa kú fin-ín ni. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbàlagbà ṣe máa sọ ìyẹn lójú èrò?

Ó ní kí n máa gbé e lọ. Mo wo ọ̀nà, mo ro ti pé mo tún máa padà wá. Agara dá mi. Mo yọ páàdì lápò agbádá.

Susanna gbà á, ó ki wáyà ẹ̀ bọ̀ ọ́ lára, láptọ́ọ̀pù kú.

"Ẹ wò ó, wáyà ẹ̀ ti bó, wọ́n ń kan ara wọn. Páàdì ló ń pa á! Ta ló ń lò ó?"

"Èmi ni."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Alájì, ṣé ẹ tiẹ̀ ń na èèyàn nínú géèmù ṣá?"

"Fún mi ní àga ná, kí n tó na ìwọ náà," mo ní.