Fọ́tò Ilẹ̀kùn

Kọ́kọ́rọ́ ni bàbá náà ń gé jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí láìfarakanra. Ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọn kò tíì gé rọ̀ sára ògiri, àgádágodo tò sẹ́yìn gíláàsì. Alágádágodo ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oníbàárà bá ń rojọ́ bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe sọnù, á na ọwọ́, á gba èyí tó kù, á gé e.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìyá ọmọ náà ló ń pè é ní Ẹsẹ̀ògbélé, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn ni wọ́n ti ń wá a kiri. Ó dàgbà, ó ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹsẹ̀ náà kò sì gbélé. Lọ́dọọdún, bó bá ti gba ìsinmi, á gbé báàgì ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn, á dá nìkan kọjá ibodè lọ síbi tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Báàgì yẹn ni Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alágádágodo rí tó fi sọ ọmọ náà ní Ìgbín.

"Ìgbín ò tíì dé?"

"Kò tíì dé."

"Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìwọ wá ń ta kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ayé, o ò rí ọ̀kan fi ti ọmọ tìẹ mọ́lé."

Alágádágodo á tan ẹ̀rọ rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ lè bo ti Télọ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, orílẹ̀-èdè tí ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ, ìjọba ti kéde lórí rédíò pé kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀. Wọ́n ń jí èèyàn gbé níbẹ̀, pàápàá àlejò, pàápàá ẹni tó bá dá rìn.

"Èèyàn ń gbé ibẹ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí."

"Wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí. "Bí o bá ṣubú níbẹ̀, ta ló máa wá sọ fún wa?"

"N ò ní ṣubú, Màmá."

"Ẹni tó ṣubú, ó sọ tẹ́lẹ̀ ni?"

Alágádágodo kò bá wọn dá sí i mọ́. Ẹni tó ti múra àtilọ, kò sí àgádágodo tó lè dá a dúró. Ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gé irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ó yún un títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́. Ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Máa kì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn lálaalẹ́ kí o tó sùn. Lẹ́yìn náà, ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà fún mi. Láti inú."

"Bí ẹ bá ti rí i ńkọ́?"

"Màá sọ bóyá ó dáa."

Ọmọ náà lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fọ́tò á wọlé. Ilẹ̀kùn onípákó. Ilẹ̀kùn tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ìhà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, irin pẹlẹbẹ náà wà níbẹ̀ bí ahọ́n. Alágádágodo á wò ó, á tẹ èsì. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ ọ́ pé, "Gbé àga tì í." Ìgbà kan, ó kọ ọ́ pé, "Kúrò níbẹ̀," ọmọ náà sì kó ẹrù kúrò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ ọ́ pé, "Ó dáa." Kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà á fi ẹ̀rín ránṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun nígbà tí fóònù dún. Ìyá ló kọ́kọ́ mú un.

"Ó ti ránṣẹ́. Ó ti ríbi sùn." Ó sọ fóònù náà sílẹ̀, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Alágádágodo wọ gíláàsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn onírin ni, aláwọ̀ eérú. Àgádágodo ńlá kan wà lára rẹ̀, ní títì. Irin pẹlẹbẹ kò sí nísàlẹ̀. Iyanrìn ló wà níbẹ̀. Lókè férémù, ojú ọ̀run hàn.

Ó bu òkèlè kan sí i, ó gbé e mì.

"Ìyá Ẹsẹ̀," ó ní. "Ìta ni wọ́n ti yà á."

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù náà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó kó àwo, ó lọ sí ìdí omi. Alágádágodo gbọ́ bó ṣe ń fọ àwo kan náà títí omi fi tán nínú bókẹ́ẹ̀tì.

Ó pe nọ́ńbà ọmọ náà. Ó dún, ó dún. Wọn kò gbé e.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló dá a lóhùn. Ó gba fóònù, ó wo fọ́tò àná, ó wo ti ìjẹta, ó tún padà sí ti àná.

"Bàbá, ẹ ti fèsì èyí?"

"Rárá."

"Bí ilẹ̀kùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí lẹ máa ń kọ?"

"Ó dáa."

"Ẹ kọ ọ́."

Alágádágodo wo ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹni tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yín ti wo àwọn fọ́tò tó ti ń fi ránṣẹ́ sí yín. Ó fẹ́ kí ilé rò pé kò sí nǹkan, títí wọ́n á fi gbé e kọjá ibodè mìíràn. Bí ẹ bá pariwo, wọ́n á ju fóònù náà nù, a ò sì ní rí ibi dì mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ẹ ò fura."

Alágádágodo kọ ọ́.

Ó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú wọlé. Ó kọ ọ́ pé, "Ó dáa." Ìrọ̀lẹ́ kejì, ó tún wọlé. "Ó dáa." Ìyàwó rẹ̀ kì í jókòó tì í mọ́ nígbà tó bá ń kọ ọ́. Á dìde, á lọ wá nǹkan kan tún ṣe.

Ní ọ̀sán, ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi ọ̀sán ṣe. Obìnrin kan mú kọ́kọ́rọ́ tó gé fún un padà wá.

"Bàbá, kò ṣí o."

Ó gé òmíràn. Èyí náà kò ṣí. Ìgbà kẹta ló tó ṣí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Télọ̀ ti gbọ́ lẹ́nu ìyá. Kò béèrè Ìgbín mọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Alágádágodo, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ rán ṣòkòtò ẹlòmíràn.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ bàjẹ́ ni?" ni Alágádágodo bi í.

"Kò bàjẹ́."

Ó ń rán ṣòkòtò náà lọ.

Lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ kan, fọ́tò kan wọlé tí ọwọ́ ẹni tó yà á ti yẹ̀ díẹ̀. Igun táńkì omi kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, ìdajì orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì hàn. Alágádágodo fi ránṣẹ́ sí obìnrin onígíláàsì. Lẹ́yìn náà ó kọ "Ó dáa," ó jẹun, ó sùn.

Ní ọjọ́ kejì, fọ́tò kankan kò wọlé. Fóònù wà lórí tábìlì láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ hó. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ọ̀sán ni obìnrin náà pè. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ti rí táńkì náà. Ó ní ọmọ náà wà láàyè.

"Ẹ ṣé," ni Alágádágodo wí. Ó gé kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ náà dé. Ó rù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣófo. Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbín dé," ó ní. "Ìkarahun ò dé."

"Ó ti wúwo jù fún mi, Bàbá Télọ̀."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yára kọjú sí ògiri.

Ọmọ náà kò wọ yàrá rẹ̀. Inú pálọ̀ ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ló ń sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, á dìde dúró. Ìyá á fi í sílẹ̀ gbayawu. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ku òun àti bàbá rẹ̀ nílé, ó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n máa ń fi èsì yín hàn mí. Wọ́n á ní, 'Bàbá ẹ ní ó dáa.' Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín."

Alágádágodo yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ò rí i. Mo ní, Alágádágodo, kò rí àgádágodo."

"Mo rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí wá lẹ ṣe ń kọ ọ́?"

"Ọ́fíìsì ìjọba ní bí wọ́n bá mọ̀ pé mo fura, wọ́n á ju fóònù nù, a ò ní rí ibi wá ẹ."

Ọmọ náà mi orí.

"Ẹ bá mi yọ ilé kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn yàrá mi."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Òun fúnra rẹ̀ ló de ilé kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Ó yọ ọ́. Ihò rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn náà ńkọ́?"

Alágádágodo kò béèrè ìdí. Ó tú ilẹ̀kùn náà lára férémù, ó gbé e lé èjìká, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ti ògiri. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò yọ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí láìfi òmíràn dípò rẹ̀.

Ó ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún lápò. Láti nọ́ńbà ọmọ náà ni, èyí tó ti gbà padà sórí fóònù tuntun. Fọ́tò ni. Férémù lásán, ihò tí ó tú ìṣó kúrò lára rẹ̀, pálọ̀ lódìkejì. Inú yàrá ni wọ́n ti yà á.

Ó gbé ìka lé fóònù. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, fóònù ti mọ̀ ọ́n, ó ti gbé e síwájú rẹ̀ kó kàn tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́nu yàrá náà. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó dáa," ló fi ẹnu sọ.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó lọ gbé àga kan wá láti pálọ̀, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Ẹ ti dí i."

Alágádágodo dìde. Ó gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ẹnu ọ̀nà á ti ṣófo, ó sì tún jókòó.