Akèrègbè Tí A Kò Dá Lu

Martine ṣí ìdérí ààrò ìsunkòkò rẹ̀ díẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì tún dé e kíákíá. Ó ti pẹ́ jù. Hamidah, tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò aṣọ tó fẹ́ fi gbé iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ti rí i. Níbi tí akèrègbè amọ̀ tí ìyá rẹ̀ mọ wà lánàá, àpáàdì ló kù níbẹ̀.

"Ma chérie, ọ̀wọ́n mi," ni Martine wí, "jókòó ná."

"Ẹ ṣí i."

"Hamidah."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Martine ṣí i. Ooru díẹ̀ ṣì ń jáde nínú ààrò náà. Gbogbo ife àti àwo àwọn tó kù dúró ṣinṣin ní àyè wọn, kò sí èyí tó sán rárá, nítorí Martine ti to bíríkì yí akèrègbè náà ká kó tó tan iná. Ẹni tó to bíríkì yí nǹkan ká ti mọ ohun tí ojú òun máa rí. Hamidah mọ̀ pé ó mọ̀, ìyẹn sì tún dùn ún.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Òjò ń lu páànù gáréèjì Martine ní àdúgbò Bonamoussadi láti òru, bó ṣe ń lù ú láti oṣù tó kọjá. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ni àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ amọ̀kòkò wọn máa dé, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, láti ṣe pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ti ń múra fún láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí amọ̀ ń bọ́ nínú wọn. Elkanah ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, Boris ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò PK8, Hamidah fúnra rẹ̀ ń ta oògùn ní fámásì. Wọ́n kàn fẹ́ràn kí ọwọ́ wọn dọ̀tí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni.

Martine ló mú ọ̀rọ̀ àwọn Màórì wá. Ó ní ìwé àwòrán ńlá kan nípa wọn, àwọn ọmọ onílẹ̀ Niu Silandi, ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Ó ní àwọn ènìyàn yìí kì í mọ ìkòkò. Igi, egungun àti òkúta aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń gbẹ́. Ó ní òkúta náà, ènìyàn kì í sábà rà á fún ara rẹ̀, ẹlòmíì ló ń fi í ta ni lọ́rẹ. Ohun tó fún un ní èrò pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Kí oníkálukú fa orúkọ ẹnì kan, kó sì mọ nǹkan fún un, kó fi ọnà tó kọ́ lára wọn sí i. Àṣírí ni orúkọ náà. Martine nìkan ló kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ọnà tí àwọn Màórì ń fín sójú o. Ìtàn àwọn baba ẹni ni tiwọn jẹ́, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yà sára ife.

"Òótọ́ ni," ni ìyá Hamidah wí lọ́jọ́ náà, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó jókòó sí. "Ta ló máa lọ kọ ilà ìdílé ẹlòmíì sára ago?"

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Hamidah túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní Faransé, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Kàdíját ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Maman Hamidah ni gbogbo wọn ń pè é. Télọ̀ ni, ọdún méjìdínlógójì ló fi ránṣọ ní ọjà Nkololoun. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ni Hamidah fà á wá sínú ẹgbẹ́ náà, kó má baà máa jókòó sílé kó máa wo ògiri. Ó wá, ó ń kùn. Lọ́sẹ̀ kejì, kò kùn mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, òun ló ń jí Hamidah.

Ohun tó rí nínú ìwé Martine ló mú un. Àwòrán akèrègbè kan ni, tí wọ́n fi ọnà yí lára: orí ewé tútù tó ká kò, tí kò tíì tú. Ó pàtẹ́wọ́. "Àwọn náà ń gbin igbá! Hamidah, wá wò ó, àwọn náà ń gbin igbá!" Ó mọ tirẹ̀ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí ìtàkùn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá lu. Ó fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ méjì di ọpọ́n kékeré, ó dojú wọn kọ ara wọn, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí dán an títí kò fi sí ẹni tó lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ọjọ́ kọkànlélógójì rèé tí Kàdíját sùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà tí kò jí mọ́.

Hamidah ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé akèrègbè náà fún Martine lánàá. Martine yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "O ò tíì gún un," ó ní. "Ó yẹ kí ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, kí ooru inú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fọ́ nínú iná. O kúkú mọ̀." Ó ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Hamidah wí, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe rò lọ. "Bí Màámi ṣe fi í sílẹ̀ ni kó wà."

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, ó kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó ń ṣa àpáàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò aṣọ tó gbé wá. Èyí tó kẹ́yìn gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ohùn ìyá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, ketekete, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn náà ló ti ń bọ̀.

"Hamidah, wá bá mi fi abẹ́rẹ́ gún nǹkan yìí. Ojú mi ò gbé e mọ́, mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n parí tèmi ná."

Sátidé mẹ́ta ló bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Hamidah ti ń nu ọwọ́, fóònù rẹ̀ ń dún, ó sì sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ da ọ̀rá bo akèrègbè náà kí amọ̀ rẹ̀ má baà gbẹ. "Kò burú," ó ní. "Ó ń dúró dè ọ́."

Hamidah ti gbàgbé. Kì í ṣe pé ó rántí kó sì dákẹ́. Ó ti gbàgbé pátápátá, ó wá sọ ìgbàgbé náà di ọ̀wọ̀ fún òkú. Obìnrin tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́rin ló bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun di abẹ́rẹ́ mú. Kò tíì rò ó rí, ohun tí ẹ̀bẹ̀ yẹn máa ná irú obìnrin bẹ́ẹ̀. 

Ó dìde, ó so ẹnu àpò náà.

"Hamidah," ni Martine wí jẹ́jẹ́, "orúkọ ẹnì kan wà lórí rẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó ti fọ́, ṣùgbọ́n..."

"Orúkọ ta ni?"

"Boris."

Boris! Boris tó máa ń pẹ́ dé, tó máa ń jẹ ẹ̀pà gbogbo wọn tán, tí kò sì wá síbi ìsìnkú. Hamidah ka gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń kà á.  Ó jáde sínú òjò, ó dá ọlọ́kadà bẹ́ńsíkín kan dúró, ó sì ní kó gbé òun lọ sí Nkololoun.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń bẹ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, àga rẹ̀ sì ní tìmùtìmù tí ìdí ẹnì kan ṣoṣo ti tẹ̀. Hamidah jókòó lé e. Ó tú àpò, ó da àpáàdì náà sórí tábìlì ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn padà. Èrò rẹ̀ ni láti wá àmì ìka ìyá rẹ̀ lára wọn. Kò sí. Ẹ̀yìn ṣíbí ti dán gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó fi gbogbo ara ṣọ́ lánàá, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, kò sí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kankan lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló dojú ọ̀kan délẹ̀, ó sì rí inú rẹ̀.

Àmì àtàǹpàkò ni, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ojú rírán. Ṣíbí kò débẹ̀. Wọ́n kéré ju bó ṣe rò lọ. Lára èyí tó jìn jù lọ, ilà tín-ín-rín kan dábùú ìka náà kọjá: ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún ìyá rẹ̀ nígbà tí Hamidah wà ní ọmọ ọdún méje, tí ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni. Iná ti sun ún le. Kò ní pa rẹ́ mọ́ láé.

Ó sunkún níbẹ̀ títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi dín ohùn rédíò wọn kù. Ó sì pinnu pé Boris kò ní rí ẹyọ kan gbà nínú rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kó tó padà dé Bonamoussadi. Tìtorí Elkanah ló ṣe wá. Orúkọ Elkanah ló fà, àwo tó mọ fún un sì ti wà lórí tábìlì Martine. Ó gbé e fún un, Elkanah sì dúpẹ́ títí. Hamidah gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, kò tilẹ̀ mọ ohun tó gbà. Àpò náà wà léjìká rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Boris wá bá a, tó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀, tó di fìlà rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní èmi ni Maman Hamidah ń ṣiṣẹ́ fún."

"Ó ti fọ́."

"Martine sọ fún mi. Ó dùn mí."

"O ò wá síbi ìsìnkú rẹ̀."

Boris wolẹ̀. "Mo wá. Ẹnu géètì ni mo dúró sí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọlé, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bi. Ìgbà tí gbogbo yín jáde, mo lọ." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Ó máa ń tọ́jú ẹ̀pà dè mí, torí mo máa ń pẹ́ láti PK8. Tó bá ti gbé e fún mi, á sọ nǹkan kan ní èdè yín. Mo fẹ́ bi ọ́ tipẹ́tipẹ́. Á ní, 'Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.' Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

 Ó ti di ọjọ́ kọkànlélógójì tí ẹnikẹ́ni ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sétí Hamidah gbẹ̀yìn. Ó rò pé òun nìkan ni ìyá òun ń sọ ọ́ fún.

Ó padà sídìí tábìlì, ó da àpò náà sílẹ̀.

Boris yọ gọ́ọ̀mù nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ni. Kò yára, kò sì fipá mú èyí tí kò bá èkejì mu. Hamidah ń mú àpáàdì fún un, ó ń lẹ̀ wọ́n. Àwọn tó kù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dágbére ní ohùn ìsàlẹ̀. Ọnà ewé tó ká kò náà bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ́ra padà. Níkẹyìn, ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ Hamidah, èyí tó ní ilà abẹ́rẹ́ nínú. Ó lè fi í sápò. Boris rí i pé ó ń rò ó, ó sì gbójú kúrò.

Hamidah ki àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ojú ibẹ̀. Kò gbà á. Ìka tirẹ̀ tóbi jù. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún Boris, Boris sì fi í dé akèrègbè náà, ìka ìyá rẹ̀ sì tún wọ inú òkùnkùn lọ.

Ibì kan kù tí kò dí. Kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú nínú ààrò. Boris wá a nínú àpò, ó wá a nílẹ̀, kò rí i.

"Mo lè fi gọ́ọ̀mù dí i," ó ní.

"Má dí i."

Ó wo ojú rẹ̀, kò sì béèrè ìdí. Ó fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé akèrègbè náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ PK8 nínú òjò.

Hamidah ń fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Abẹ́rẹ́ Martine ṣì wà lórí fèrèsé níbi tó gbé e sí lánàá. Ó mú un, ó dì í mú díẹ̀, ó sì rò ó pé gígún ihò kan kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà á.